Oríkì Kan, Fáìlì Mẹ́fà

Ohùn kì í wọ́n ní Attécoubé. Kọ́múùnù yìí, ọ̀kan nínú mẹ́wàá tó para pọ̀ di ìlú Abidjan, fẹ̀yìn ti igbó Banco, ó sì kọjú sí omi ọ̀sà. Gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré, tó ń ti Adjamé bọ̀ ń fun fèrè, ládàánì ń pe ìrun, orin coupé-décalé ń jáde láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, gbogbo rẹ̀ á sì dà pọ̀ mọ́ra wọn. Níbi odò Banco, àwọn alágbàfọ̀ tí wọ́n ń pè ní fanico ti sọ iṣẹ́ wọn di ohun àwòwò fún àlejò: wọ́n á fi òkúta de táyà ọkọ̀ sínú odò, wọ́n á sì máa na aṣọ mọ́ ọn. Pàà! Pàà! Ìró yẹn máa wúlò níwájú.

Anango ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Abidjan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tan mọ́ Ẹ̀jìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìlú tí bọ́ọ̀sì ti ń gbéra lọ sí Abidjan tààrà, tí èdè Faransé kò sì ṣàjèjì ní ìta rẹ̀. Láàárín ìlú méjèèjì, ohùn ni ẹrù tó ń rìn jù: oríkì, wáàsí, orin ìgbéyàwó, àti ìkíni tí kì í tán. Láyé àtijọ́, inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń dì í sí, wọ́n á fi rán ẹni tó ń lọ sílé. Lónìí, fáìlì ni. Fáìlì sì ní ìwọ̀n tirẹ̀, ó ní àbùkù tirẹ̀, ó sì lóhun tó lè bà á jẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí.

Ká ní ìyá àgbà kan ti Ẹ̀jìgbò wá kí ọmọ tuntun ní Attécoubé, ó sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko ki oríkì ìdílé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbà á sílẹ̀. Irú fáìlì wo ni yóò lò?

Bó bá gbà á bí CD ṣe ń gbà á, ẹ̀rọ yóò wọn ohùn náà ní ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi bíìtì 16 kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ti ọ̀tún lọ́tọ̀, ti òsì lọ́tọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílóbíìtì 1,411 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tí àwọn ẹ̀rọ máa ń kọ ní kbps. Ìṣẹ́jú márùn-ún irú rẹ̀ á gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì (MB) 53. WAV nìyẹn, irú fáìlì tí Microsoft àti IBM gbé jáde ní 1991, kò sì sẹ́ni tó fún nǹkan kan pọ̀ nínú rẹ̀. Oríkì yìí kan náà nínú FLAC sábà máa ń wà láàárín MB 26 sí 37. Nínú MP3 tó ń lo 320 kbps, ó di MB 12. Nínú MP3 ti 128, MB 4.8, nínú Opus ti 64, MB 2.4. AMR, èyí tí àwọn fóònù àtijọ́ fi ń gba ohùn sílẹ̀, á gbé gbogbo rẹ̀ sínú ohun tí kò tó ìdajì MB.

Láti MB 53 dé ìdajì MB. Ìyókù dà?

Kíká àti gígé

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà fún ohùn pọ̀. Ti àkọ́kọ́ dà bí kíká agbádá. Agbádá tó bo gbogbo ara lè wọ inú àpò kékeré bí ẹni tó ń ká a bá mọ̀ ọ́n ká. Lọ́jọ́ òde, wọ́n á tú u, odindi agbádá náà ni. FLAC, tí Josh Coalson gbé ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2001, ló gbajúmọ̀ jù nínú ìpín yìí. ALAC ni ti Apple, ó dé ní 2004. Ohun tí FLAC ń ṣe ni pé yóò fi ìró tó ti kọjá sọ èyí tó ń bọ̀, á wá kọ kìkì ibi tó ti ṣì í sílẹ̀. Bí wọ́n bá tú u, gbogbo bíìtì tó wà nínú WAV ló ń padà wá, ẹyọ kan kò ní sọnù. Nítorí pé àsọtẹ́lẹ̀ ló gbára lé ni ohùn ẹnì kan nínú yàrá tó dákẹ́ ṣe ń ká dáadáa, tí ariwo kò sì rọrùn ún ká: ariwo kò ṣeé sọ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí aránṣọ fi àlùmọ́gàjí gé agbádá náà di bùbá. Bùbá lè dára lọ́rùn ẹni tó wọ̀ ọ́, ẹlòmíì lè má mọ̀ pé ó ti jẹ́ agbádá rí, ṣùgbọ́n aṣọ tó bọ́ sílẹ̀ ti lọ. MP3, AAC, Vorbis, Opus àti AMR, ọmọ ìyá ni wọ́n nínú ìwà yìí. Ọgbọ́n wọn ni pé ibi tí etí kì í dé ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé. Etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́ ìró láti nǹkan bí ìgbọ̀nrìrì 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (Hz 20) títí dé 20,000, ṣùgbọ́n kì í gbọ́ gbogbo rẹ̀ bákan náà, pàápàá nígbà tí ìró ńlá bá wà nítòsí ìró kékeré. Nígbà tí bàtá bá ń pariwo, ta ló ń gbọ́ ẹni tó ń họ ara lẹ́gbẹ̀ẹ́ onílù? Ẹ̀rọ á ju ìró ẹni tó ń họ ara nù, á sì fi àyè rẹ̀ pamọ́ fún bàtá.

Ilé ìwádìí Fraunhofer ní ìlú Erlangen, Jámánì, ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ MP3 ti wáyé. Karlheinz Brandenburg, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe é, sọ ọ́ di mímọ̀ pé orin Tom's Diner ti Suzanne Vega, obìnrin kan ṣoṣo tó ń kọrin láìsí ìlù láìsí dùùrù, ló fi dán iṣẹ́ náà wò. Níbẹ̀rẹ̀, ohùn Vega bàjẹ́ pátápátá nínú fáìlì tí wọ́n fún pọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ orin tó kún fún ohun èlò ti ń dún dáadáa. Wọ́n tún un ṣe títí ohùn obìnrin yẹn fi padà bọ̀ sípò. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 1995 ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí “.mp3” gẹ́gẹ́ bí ìkángun orúkọ fáìlì náà; ní oṣù kẹrin 2017, Fraunhofer fòpin sí gbígba owó àṣẹ lórí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún ọmọ-ọmọ ìyá àgbà. Ohùn ẹyọ kan, láìsí ìlù tó bò ó, ló máa ń tú àṣírí ẹ̀rọ. Oríkì rí bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, fanico àti “ó fẹ́ mi”

Ohun kejì tó ń tú àṣírí ni ìró òjijì. MP3 kì í wo ohùn lẹ́yọ lẹ́yọ. Ó ń gé e sí ègé ègé, ègé kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n 1,152, ìyẹn nǹkan bí ìdá 26 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá wà níbẹ̀rẹ̀ ègé, tí ọwọ́ fanico wá balẹ̀ lórí táyà ní òpin rẹ̀, àṣìṣe ìfúnpọ̀ á tàn ká gbogbo ègé náà, títí kan ibi tó yẹ kó dákẹ́. Etí á wá gbọ́ ìró fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ kan kí “pàà” náà tó dé, bí ọmọ tó ń ké kí wọ́n tó nà án. Kasitanẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ Spéìn ni àwọn onímọ̀ ń lò láti wá àbùkù yìí. Yorùbá kò ní láti wá a jìnnà: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo wà nílé. Nínú MP3 ti 64 kbps, ìlẹ̀kẹ̀ ara ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kì í dún bí ìlẹ̀kẹ̀ mọ́, bí omi tó ń ya lórí páànù ló ń dún. Ní 128, ó sàn díẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ètò ìfúnpọ̀ á ṣì gé ohun tó bá ju nǹkan bí Hz 16,000 lọ. Ní 192 sókè, ìwọ̀nba ènìyàn ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí CD. Baba tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kì í sábà gbọ́ ohun tó ga tó Hz 16,000 mọ́ rárá, torí náà kó má fi owó ra ohun tí etí rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lórí ẹ̀.

Gángan kò fi bẹ́ẹ̀ jìyà. Ohùn rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń dún pẹ́ tó kí ẹ̀rọ lè bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wá ńkọ́? AMR, tí wọ́n ṣe fún ìpè fóònù, kì í wọn ohùn ju ìgbà 8,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ohunkóhun tó bá ga ju ìdajì ìyẹn, Hz 4,000, lọ kò lè wọ inú rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà fóònù àtijọ́ sì tún máa ń ti ìró tó bá rẹlẹ̀ ju nǹkan bí Hz 300 síta, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí Hz 100 sí 150 ni ìpìlẹ̀ ohùn ọ̀pọ̀ ọkùnrin. Ó yẹ kí ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ti dàrú, kí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ di ọ̀kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ ń fi àwọn ìró tó wà lókè ìpìlẹ̀ náà ṣírò ibi tí ìpìlẹ̀ wà, àmì ohùn Yorùbá á sì dé láìfarapa.

Kọ́ńsónáǹtì ló ń kú. Agbára “s” sábà máa ń wà lókè Hz 4,000, níbi tí AMR kì í dé, ohun tó kù nínú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí “f”. Ọmọbìnrin tó bá gbọ́ nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀ pé “ó fẹ́ mi” níláti béèrè lẹ́ẹ̀kejì bóyá “ó sẹ́ mi” ni wọ́n wí.

Opus ló wo àìsàn yìí. IETF, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, fọwọ́ sí i ní oṣù kẹsàn-án 2012. Nínú àpòpọ̀ iṣẹ́ méjì ló ti wá: SILK ti Skype, tó mọ ọ̀rọ̀ ẹnu, àti CELT ti àwọn Xiph.Org, tó mọ orin. Ó lè ṣiṣẹ́ láti 6 kbps títí dé 510. Òun ni WhatsApp ń lò fún ohùn tí à ń rán síra wa, nítorí náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí Anango kan ní Attécoubé tí kò tíì lo Opus rí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ orúkọ rẹ̀. Nínú ìdánwò gbangba kan tí wọ́n ṣe ní 2014, tí àwọn olùgbọ́ kò mọ èyí tí wọ́n ń gbọ́, Opus ní nǹkan bí 96 kbps ló gba ipò kìíní. Ó ṣáájú AAC àti Vorbis ní ìwọ̀n kan náà, ó sì ṣáájú MP3 tí wọ́n yọ̀ǹda nǹkan bí 128 fún.

Wáàsí wákàtí méjì jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. WAV rẹ̀ á lé ní GB 1.2. MP3 ti 128 á gba MB 115. Opus ti 24 kbps, tí wọ́n da ọ̀tún àti òsì pọ̀ sí ọ̀kan, kò ní ju MB 22 lọ, gbogbo “s” àlùfáà á sì wà níbẹ̀ pérépéré. Ní Abidjan níbi tí wọ́n ti ń ka mégas, ìyẹn MB, bí ẹní ń ka owó ẹyọ, ìyàtọ̀ MB 22 sí 115 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ohun tí kò ṣeé dá padà

Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹnì kan ní MP3 ti 128, wọ́n sọ fún un pé 320 ló dára jù, ó sì fi kọ̀ǹpútà yí i sí 320. Fáìlì náà di ìlọ́po méjì àbọ̀, inú rẹ̀ dùn. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé bùbá padà fún aránṣọ pé kó sọ ọ́ di agbádá: aṣọ mìíràn ni aránṣọ á fi lé e, ti tẹ́lẹ̀ kò padà. Kódà ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àlùmọ́gàjí tún kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Yíyí MP3 sí WAV tàbí FLAC kò yàtọ̀. Orúkọ ló tóbi. Bẹ́ẹ̀ náà ni orin tí wọ́n fà láti YouTube tí wọ́n wá kọ “320” sí lára. Ohùn tí YouTube ń gbé kiri jẹ́ AAC tàbí Opus tó sábà máa ń wà ní àyíká 128 sí 160 kbps, ibo ni 320 ti wá wá?

Fífi fóònù kan sẹ́nu fóònù kejì láti tún ohùn gbà ni baba gbogbo ìbàjẹ́. Bí WhatsApp ni wọ́n máa fi rán an, kí wọ́n so fáìlì náà mọ́ ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé, bí wọ́n ṣe ń so PDF. Á dé bó ṣe kúrò nílé, láti 2022 sì ni fáìlì tó tó GB 2 ti ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti rí ibi tí fáìlì kékeré lè gbé ènìyàn dé. Mdou Moctar, onígìtá láti Niger, lọ sí Ṣókótó ní 2008, ó gba àwo orin Anar sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ilé iṣẹ́ tó tà á. Káàdì mẹ́mọ́rì àti Bluetooth ló gbé e káàkiri Sahara, láti fóònù dé fóònù, kí Sahel Sounds ti Christopher Kirkley, ará Amẹ́ríkà, tó gbé e jáde ní 2014. Kirkley kan náà ló ṣa orin jọ láti inú káàdì fóònù àwọn ènìyàn, tó sì pè é ní Music from Saharan Cellphones. Ó wá di dandan fún un láti máa wá àwọn olórin náà kiri, nítorí fáìlì kì í sábà sọ orúkọ ẹni tó bí i. MP3 tó ń ké wọ̀ìwọ̀ì ló sọ àwọn yẹn di ará ayé. Ẹni tó bá ń fi FLAC ṣe fáàrí lórí àwọn tó ń gbọ́ MP3 kó rántí èyí.

Síbẹ̀, oríkì ìyá àgbà kì í ṣe orin tí wọ́n lè tún kọ. Fún un, ìmọ̀ràn kò ṣòro. Kí wọ́n gbà á sínú WAV, bí fóònù bá gbà. Lórí iPhone, inú ètò Voice Memos ni wọ́n ti lè yan èyí tí kì í gé nǹkan. Bí fóònù kò bá ní ju AAC lọ, tí orúkọ rẹ̀ sábà máa ń parí sí .m4a, kí wọ́n yan ìwọ̀n tó ga jù, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìyí i. Kí fóònù wà ní ìwọ̀n apá kan sí ẹnu ìyá, kí fáànù dákẹ́: FLAC tí wọ́n gbà láti inú àpò ṣòkòtò kò sàn ju AMR lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, á sọ WAV náà di FLAC fún ìpamọ́, á sì tún ti ara ojúlówó náà bu MP3 ti 192 fún àwọn tó ń fi USB gbọ́ nínú ọkọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ kò mọ FLAC tàbí Opus rí. Android ti ń ka Opus láti ẹ̀dà 5.0, ẹ̀rọ tó bá kọ̀ ọ́, VLC á ṣí i.

Ẹni tó bá ń gba àìsùn sílẹ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́ di márùn-ún ìdájí níláti mọ̀ pé WAV kì í kọjá GB 4. Ní ìwọ̀n CD, wákàtí mẹ́fà àti ìṣẹ́jú 45 ni àyè náà á kún. Kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró láàárín òru, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ fáìlì tuntun.

Kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ńkọ́, àwọn fújì àti wàkà tí baba gbé láti ilé wá? WAV ti 44,100 àti bíìtì 16 ti tó o, ó tiẹ̀ ṣẹ́kù. Ìró ṣíìì tó wà lára téèpù kì í jẹ́ kí FLAC ká dáadáa, torí náà kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù bí fáìlì bá tóbi ju bó ṣe rò lọ.

Ẹni tí kò bá gba ohun tí àròkọ yìí wí gbọ́, kó dán an wò. Kó bu MP3 ti 128 àti Opus ti 64 láti ara WAV kan, kó fi ẹ̀rọ àfetígbọ́ sí etí, kó sì kẹ̀yìn sí kọ̀ǹpútà. Kí ọmọ ilé máa ṣí èyí tó wù ú, kí òun máa dárúkọ rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bó bá gba márùn-ún, ó kàn ń méfò ni. Bó bá gba mẹ́sàn-án, etí rẹ̀ dá a lójú. Kó má fi ẹ̀rọ àfetígbọ́ Bluetooth ṣe é, torí Bluetooth fúnra rẹ̀ máa ń tún ohùn fún pọ̀ lójú ọ̀nà, tí àṣìṣe tirẹ̀ á sì da ìdájọ́ rú.

Kí ọmọ-ọmọ ìyá àgbà tó gbàgbé, kó kọ ọjọ́, ibi àti orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ sínú orúkọ fáìlì, kí FLAC kan wà ní Attécoubé, kí ìkejì wà ní Ẹ̀jìgbò. Káàdì GB 32 kan á gba nǹkan bí wákàtí 80 irú rẹ̀.